Bàbá Tó Máa Ń Sọ̀kalẹ̀ Lórí Kẹ̀kẹ́

Nígbà tí àwọn èèyàn ń wá bá wa kẹ́dùn ní ilé wa ní Addo, ní Ajah, kò sẹ́ni tó dárúkọ iṣẹ́ tí Bàbá mi àgbà fi gbogbo ayé wọn ṣe. Àyánbẹ́ńdà ni wọ́n, ìyẹn àwọn tó ń tẹ irin, tí wọ́n ń dì í mọ́ra kí wọ́n tó da kọnkéré lé e lórí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé gíga tó wà láti Lẹ́kí títí dé Ìbẹjú ni irin tí Bàbá tẹ̀ wà nínú wọn, ṣùgbọ́n irin inú kọnkéré, ta ló ń rí i? Ohun tí gbogbo wọn ń bi wá ni pé, "Háà, ṣé bàbá tó máa ń sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ yẹn náà ni?" A ó ní àwọn náà ni. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní kí Ọlọ́run fi Àlùjánńà kẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Bàbá kì í kí àgbà láti orí kẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá rí ẹni tó jù wọ́n lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n á di bíréèkì mú, wọ́n á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á fi kẹ̀kẹ́ ti itan, wọ́n á wá tẹrí ba tàbí kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó kù sí bí ẹni náà bá ṣe dàgbà tó. Láyé àtijọ́, gbogbo ọmọ tí wọ́n bá kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìkirun ni wọ́n ti kọ́ Bàbá, Ajah ni wọ́n wá ń lò ó, àgbà tó sì wà lójú títì Ajah kọjá kíkà. Ìyá mi àgbà á rán wọn ní ata, ata á dé nígbà tí a bá ti fi ẹ̀wà tí kò ní ata jẹun tán. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Bàbá, ẹ kàn juwọ́ sí wọn kẹ̀, wọ́n á ṣáà rí yín." Wọ́n wò mí bíi pé mo ní kí wọ́n lọ jalè. "Àbẹ̀kẹ́," wọ́n ní, "orí kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń kí àgbà."

Ìwà yìí dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn àti Bàbá Kúdí, fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní ẹnu àdúgbò wa. Kò sẹ́ni tó mọ ọdún tí wọ́n bí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Ibi tí àwọn àgbà mìíràn ti ń jà pé èmi ni mo dàgbà, àwọn méjì yìí ń jà pé èmi ni mo kéré. Bí Bàbá bá ti sọ̀kalẹ̀ báyìí, Bàbá Kúdí á fò dìde lórí àpótí wọn.

"Ẹ dìde, ẹ dìde! Ẹ fẹ́ kí n tètè kú ni? Ìgbà tí wọ́n bí mi, ẹ̀yin ti ń jẹ ẹ̀kọ!"

"Irọ́ ni. Ẹ wo ewú irùngbọ̀n yín."

"Ewú kọ́ o, èéfín jẹnẹrétọ̀ ni!"

Wọ́n ṣe èyí títí, tí àwọn oníbàárà fi máa ń dúró wò wọ́n. Lọ́jọ́ tó sú Bàbá, wọ́n parí ẹjọ́ náà fúnra wọn. Wọ́n ní, "Bí a kò bá mọ ẹni tó dàgbà, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ni àbúrò."

Ẹ má rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n o. Bàbá le. Bí o bá pe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní kẹ̀kẹ́ níwájú wọn, ó di ẹjọ́. "Márúwá nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ ni tèmi." Ìgbà tí wọ́n ń fẹ títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, nítorí bọ́ọ̀sì kì í rìn mọ́. Wọ́n á gbé kúlà oúnjẹ kọ́ iwájú, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ àwọn mọ́tò tó tò sílẹ̀, wọ́n á ti dé Ìbẹjú kí àwọn tó kù tó kúrò ní Ṣàngótẹ̀dó. Orí títì yìí náà ni wọ́n ti pàdé àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní àárọ̀ Sátidé, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì àti ti ọ́fíìsì tó ń gbé ní àwọn ẹ́sítéètì Lẹ́kí. Wọ́n mú Bàbá mọ́ra. Wọ́n kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń mu omi díẹ̀díẹ̀ lórí ìrìn, bí wọ́n ṣe ń yí jíà kí orókún má baà dunni. Gbogbo rẹ̀ ni Bàbá gbà, àfi ṣòkòtò pénpé tó fún mọ́ra yẹn. Kúnlé, ọmọkùnrin tó ń ṣe akọ̀wé wọn, ra ọ̀kan wá fún wọn. Bàbá nà án sókè, wọ́n wò ó títí, wọ́n ká a padà. "Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ mi ni mo fẹ́ kí wọ́n wò, kì í ṣe ìdí mi."

Ẹgbẹ́ yìí ní ìdíje kan lọ́dọọdún tí wọ́n ń pè ní Àtàárọ̀-dalẹ́. Kì í ṣe eré tí wọ́n jọ ń sá pọ̀. Wọ́n á tú àwọn oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ilẹ̀ bá ti mọ́, láti oríta Eléko lọ sí ìtòsí Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n yí padà, kí wọ́n tún lọ, kí wọ́n tún bọ̀, títí oòrùn yóò fi wọ̀. Oníkálukú ló ń dá gun tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ sá sẹ́yìn ẹlòmíràn kí afẹ́fẹ́ má baà bá a. Ẹni tó bá lọ jìnnà jù ló borí. Ọdún àkọ́kọ́ tí Bàbá wọ̀ ọ́, ìkẹyìn pátápátá ni wọ́n ṣe. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ wọn kò lágbára. Ìkíni ló pa wọ́n. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ fún àwọn àgbà tó jókòó sí ẹnu mọ́sáláṣí, wọ́n sọ̀kalẹ̀ fún ìyá arúgbó tó ń yan ẹja, wọ́n tún sọ̀kalẹ̀ fún bàbá kan tó sùn sábẹ́ igi, wọ́n ní bó bá jí ńkọ́? Kúnlé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Dádì, rẹ́èsì lẹ wá o, ẹ ò wá ṣe kámpéènì." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi tí mo mọ̀ wọ́n mọ̀ pé ó dùn wọ́n. Nígbà tí a dé ilé, wọ́n búra: "Lọ́dún tó ń bọ̀, ìgbà ìrun nìkan ni ilẹ̀ máa rí ẹsẹ̀ mi."

Mo ní láti dá ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ dúró díẹ̀ kí n sọ̀rọ̀ ìjà tó ṣe pàtàkì jù nínú ayé wọn. Bàbá ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ìyá wọn, tó ń gbé ní Ìkirun. Ràṣídì ni orúkọ àkọ́bí rẹ̀. Nígbà tí ìyá àwọn méjèèjì kú, orí òrùlé ilé aláàjà kan ni Bàbá wà níbí tí wọ́n ń di irin. Kí ìròyìn ikú náà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n tó rí ọkọ̀, kí ọkọ̀ tó jáde ní Èkó, wọ́n ti sin ìyá. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, gbogbo ayé ló mọ̀. Bàbá náà mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn lè dúró di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní kí àwọn dá ìyá àwọn dúró nínú oòrùn nítorí ta ni? Ọ̀rọ̀ náà le lójú sàréè níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò pe ọkùnrin náà ní ẹ̀gbọ́n mọ́. "Bàbá Ràṣídì" ni wọ́n ń pè wọ́n, bí ẹni ń pe aládùúgbò. Àwa ọmọ náà gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, a sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fi ẹran iléyá ránṣẹ́ sí Ìkirun, wọ́n ń kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí wọ́n bá pàdé níbi ìsìnkú tàbí ìkómọ, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kò sóhun tí èèyàn lè nàka sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, ẹ̀gbọ́n, ni wọ́n gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà bẹ̀ wọ́n títí. Ìdáhùn wọn kò yí padà: "Ẹ̀gbọ́n máa ń dúró de àbúrò."

Ó wá di ọjọ́ Àtàárọ̀-dalẹ́ kejì. Èmi àti Ìyá àgbà jókòó sábẹ́ agboòrùn ní oríta Eléko, pẹ̀lú omi àti ọsàn tí a bó sílẹ̀. Bí Bàbá bá dé láti yí padà, n ó na omi sí wọn, wọ́n á gbà á láìdúró. Wọ́n ń ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà, kí n sọ òtítọ́. Wọ́n fa fìlà wọn wálẹ̀ bo ojú kí wọ́n má baà rí àgbà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Wọ́n ní ẹni tí àwọn kò bá rí, àwọn kò jẹ ẹ́ ní ìkíni. Nígbà tí wọ́n kírun Àlàásárì tán, wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yẹn sẹ́yìn. Inú mi ń dùn. Ìgbà náà ni bọ́ọ̀sì kan dúró, tí bàbá arúgbó kan sì fara balẹ̀ jáde nínú rẹ̀. Ìyá àgbà ti kúnlẹ̀ kí n tó mọ ẹni tó jẹ́.

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan," Bàbá Ràṣídì dáhùn. "Mo dé ilé yín, wọ́n ní orí títì lẹ wà. Àkànní àbúrò mi dà?"

"Wọ́n ń bọ̀ sà. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀ sà."

Bàbá Ràṣídì la ẹnu, wọn kò tètè pa á dé. "Láti àárọ̀? Ta ló ń lé e?"

Mo ṣàlàyé ìdíje náà fún wọn. Mo sọ bí Bàbá ṣe ṣe ìkẹyìn lọ́dún tó kọjá nítorí ìkíni, àti bí wọ́n ṣe búra pé àwọn kò ní sọ̀kalẹ̀ lọ́dún yìí. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ wàásù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí Ìyá àgbà.

"Mo wá bẹ̀ ẹ́ ni," wọ́n ní. "Mo ti dàgbà. Mo ti rò ó. Ǹ bá ti dúró dè é di ìrọ̀lẹ́, kò ní pa ìyá wa lára."

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ bí èyí ti wúwo tó, kí ẹ̀gbọ́n wọ ọkọ̀ láti Ìkirun wá bẹ àbúrò.  Mo dìde dúró, mo ń wo ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, mo ń gbàdúrà kí Bàbá tètè dé.

Wọ́n dé. Iyọ̀ òógùn ti gbẹ mọ́ wọn láṣọ. Mo na omi, wọn kò gbà á, nítorí wọ́n ti rí Bàbá Ràṣídì. Fìlà náà kò wúlò lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i tí ẹsẹ̀ wọn dúró, mo rí i tí ọwọ́ wọn kan bíréèkì, tí kẹ̀kẹ́ náà sì ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Mo rò pé wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ó ń sáré kíkan. Bàbá wo ẹ̀yìn, wọ́n wo iwájú. Wọ́n wá na ọwọ́ sókè, wọ́n ń fì í.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń bọ̀ o!"

Wọ́n yí po ní oríta, wọ́n sì forí lé ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ padà.

Bàbá Ràṣídì dúró, ọwọ́ wọn wà lókè díẹ̀, kò ga, kò sì wálẹ̀. Wọ́n kọ̀yìn sí wa. Wọ́n fi apá dàńṣíkí nu ojú. Nígbà tí wọ́n yíjú padà, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ.

"Ó ti tó."

"Ẹ jókòó sà," ni Ìyá àgbà wí. "Wọ́n á padà dé kó tó di Màgàríbì. Ẹ má bínú sà, eré ni."

"Rárá, ó ti tó. Mò ń lọ."

A bẹ̀ wọ́n, a fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀wù wọn mú. Wọ́n dá bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ajah dúró, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n lọ.

Bàbá kò ṣe ìkẹyìn lọ́dún náà. Wọ́n lọ jìnnà ju ìdajì àwọn ọmọ yẹn lọ. Nígbà tí oòrùn wọ̀, Kúnlé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé wọn sókè, wọ́n ń pariwo "Dádì! Dádì!" Bàbá ń wo orí wọn kọjá, wọ́n ń wá ẹnìkan.

"Àwọn dà?"

"Wọ́n ti lọ," ni Ìyá àgbà wí.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ó ti tó."

Bàbá jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà pẹ̀lú fìlà lórí. Inú mi bàjẹ́ nítorí pé mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ń wo ọwọ́ ọ̀tún wọn. "Mo juwọ́ sí wọn, Àbẹ̀kẹ́," wọ́n ní. "Mo juwọ́ sí wọn bí ẹni ń lé eṣinṣin."

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí wọn kò gba Ìkirun lọ lọ́jọ́ kejì. Èmi náà bi ara mi. Wọ́n ní bí ilé tí àwọn ń dì yìí bá parí. Ilé parí, wọ́n ní kí òjò dá. Òjò dá, òmíràn tún bẹ̀rẹ̀. Ojú ló ń tì wọ́n. Ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ fún ẹni tó sùn sábẹ́ igi, báwo ni yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ àlàyé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Bàbá Ràṣídì kì í lo fóònù, Bàbá kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gba ẹnu Ràṣídì kọjá. Lọ́jọ́ kan, Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì fúnra wọn ló pè, pé bàbá àwọn ti kú. Bàbá wọ ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára. Bí ti ìyá wọn náà ló rí: wọ́n ti bo ilẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà láìsọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ilé sì ń bẹ̀rù láti bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n rò pé inú ń bí wọn pé wọn kò dúró. Nínú ọkọ̀ tí a ń bọ̀ ni wọ́n tó la ẹnu. "Ẹni tí mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ti dùbúlẹ̀ kí n tó dé."

Bàbá kò wọ ìdíje kankan mọ́. Kúnlé wá bẹ̀ wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn ará Addo rò pé ogbó ló mú kí wọ́n máa fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ dípò kí wọ́n gùn ún, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé ẹsẹ̀ wọn ṣì le. Wọ́n kàn ń ti kẹ̀kẹ́ náà kiri ni, kí ó má baà sí ẹni tí wọn ó bá lójijì láti orí rẹ̀. Wọ́n ń kí ọmọdé, wọ́n ń kí àgbà. Nígbà mìíràn, bí a bá jókòó lálẹ́, wọ́n á sọ ọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan bi wọ́n: "Ó ti tó. Wọ́n ní ó ti tó." Ó máa ń dùn mí dé egungun. 

Bàbá náà lọ, a sì sin wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n kú. Àwọn ará Ìkirun kò bá a. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì tó rí ọ̀nà wá, irun tiwọn náà ti ń funfun. Nígbà tí àwọn ààfáà jẹun tán, Ìyá àgbà pè wọ́n wọ yàrá, wọ́n ní kí n jókòó tì wọ́n.

"Ràṣídì, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ Eléko yẹn, ọkọ mi gbé e sáyà títí ó fi kú. Jọ̀ọ́, dárí jì í nítorí bàbá rẹ."

Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì wo Ìyá àgbà, wọ́n wò mí. "Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Eléko, Ìyá?"

"Ìgbà tí bàbá rẹ wá, tí ọkọ mi kò sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ fún wọn. Tí wọ́n bínú lọ."

"Wọ́n bínú? Ta ló bínú?" Ohùn wọn ga. "Ìyá, ọjọ́ tí bàbá mi dé láti Èkó, wọn ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n ti ń pariwo. 'Ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n! Lẹ́ẹ̀mejì, lójú títì!' Wọ́n sọ ọ́ fún lèmọ́mù, wọ́n sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú wa. Wọ́n ní àwọn ò dúró nítorí pé bí àbúrò àwọn bá padà dé, ó máa sọ̀kalẹ̀ ni, àwọn ọmọ yẹn á sì já a sílẹ̀."

"'Ó ti tó' tí wọ́n wí ńkọ́?"

"Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ wọ ọkọ̀ ni wọ́n gbọ́, Ìyá. Ó tó wọn."

Ìyá àgbà fi ìborùn bo ojú. Mo bi Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún Bàbá, lọ́jọ́ tí a wá sí Ìkirun, tàbí lórí fóònù ní gbogbo ọdún yẹn. 

"Mo rò pé wọ́n mọ̀ ni," wọ́n ní. "Ṣebí àwọn fúnra wọn ni wọ́n pe bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n."

Nínú àgbàlá, wọ́n ti ń fọ àwo. Ó di ọjọ́ mẹ́jọ tí Bàbá ti lọ.